Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìtàn Bíréèkì A-kì-í-há

  Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó jókòó síbí láti sọ̀rọ̀ nípa bíréèkì ọkọ̀. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, n kò sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò sí ìmọ̀ kan tí èdè wa kò lè gbé, bí ẹni tí ń sọ ọ́ bá ti fi ara balẹ̀ lóye rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn náà sì kan ẹ̀mí gbogbo àwa tí a ń wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú gbogbo wa ti rí. Òjò ń rọ̀, títì tutù, awakọ̀ ń sáré bọ̀, ewúrẹ́ kan sì já sójú ọ̀nà lójijì. Kí ni awakọ̀ yóò ṣe? Gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò fi tẹ bíréèkì. Bíréèkì yóò gbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò há, kò ní í yí mọ́. Èrò awakọ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Ńṣe ni ó ń yọ̀ lọ bí ẹni tí ó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé bí awakọ̀ bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọkọ̀ kò ní í gbọ́, nítorí pé táyà tí ó ń yí nìkan ni ó lè mú ọkọ̀ yà. Táyà tí ó há ti di òkú irin.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Táyà a máa di ilẹ̀ mú jù lọ nígbà tí yíyí rẹ̀ bá fi díẹ̀ lọ́ra ju eré tí ọkọ̀ ń sá lọ. Ohun tí ó fi ń lọ́ra yìí jẹ́ nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí bí ẹni pé eré 40 sí 45 ni. Bí yíyí náà bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti fẹ́ há nìyẹn. Àwọn baba wa kò rí ọkọ̀ rí nígbà tí wọ́n ti sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ táyà mu pátápátá.

Àwọn ògbólógbòó awakọ̀ mọ ọgbọ́n kan sí i: wọn á tẹ bíréèkì, wọn á fi í sílẹ̀, wọn á tún un tẹ̀. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò yá tó. Bákan náà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni awakọ̀ fi ń tẹ bíréèkì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lè wà nínú omi, kí òmíràn wà lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ohun tí a nílò ni ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní A.B.S., tí èmi sì pè ní bíréèkì a-kì-í-há.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Èkíní ni rírí: ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ fẹ́ há. Èkejì ni ríronú: ó gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ̀kẹta ni ṣíṣe: ó gbọ́dọ̀ dẹ bíréèkì, kí ó sì tún un fún. A lè pè wọ́n ní ojú, ọpọlọ àti ọwọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni pé ọwọ́ kọ́ ni ó ṣòro jù fún àwọn olùhùmọ̀. Wíwá ojú tí ó yá, tí kì í purọ́, àti ọpọlọ tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú náà láìṣìnà, ni ó gbà wọ́n ní àádọ́ta ọdún.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1920, Gabriel Voisin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò fún bíréèkì ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1928, Karl Wessel gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ ní Jámánì fún ẹ̀rọ tí yóò máa díwọ̀n agbára bíréèkì. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Bosch náà gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìwé ni púpọ̀ nínú àwọn èrò wọ̀nyí wà. Kò tí ì sí ojú tí yóò rí ohun tí ọwọ́ fẹ́ ṣe.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní yìí? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ òfuurufú jókòó síwájú, ó jìnnà sí táyà rẹ̀. Kò lè mọ̀ ọ́n lára bí ọ̀kan bá há. Nígbà tí táyà bá sì há lórí eré bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ tán lójú kan, kí ó sì bẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Maxaret. Irin rìbìtì kan tí ó wúwo ni ó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń yí i. Bí ẹsẹ̀ náà bá ń yí jẹ́jẹ́, irin yìí ń bá a yí pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ há lójijì, irin tí ó wúwo yìí kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Yóò ṣì máa lọ, gẹ́gẹ́ bí èrò inú bọ́ọ̀sì ṣe ń já síwájú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì láìròtẹ́lẹ̀. Jíjá síwájú yìí ni ó ń ṣí fáàfù tí ó ń dẹ bíréèkì. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa, fáàfù yóò padé, bíréèkì yóò sì tún mú.

Ẹ kíyè sí i pé nínú Maxaret, irin kan náà ni ojú, òun ni ọpọlọ, òun náà ni ó ń ṣí fáàfù. Kò sí iná mànàmáná nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1958, àwọn onímọ̀ ìwádìí ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò lára alùpùpù Royal Enfield, wọ́n sì rí i pé ó wúlò lórí ilẹ̀ tí ó ń yọ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọjà. Ní 1966 ni ó wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jensen FF. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yìí ni ẹ́ńjìnnì ń yí, wọ́n sì so pọ̀ mọ́ra. Nítorí náà ẹyọ Maxaret kan péré ni ó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ọkọ̀ ọlọ́rọ̀ ni: 320 péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1971. Ojú onírin wúwo, ó sì wọ́n. Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ní irú bíréèkì yìí, ó di dandan kí á wá ojú mìíràn.

Ojú mìíràn náà ni mo pè ní atanilólobó. Sẹ́ńsọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Ní nǹkan bí 1967, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Jámánì ti rí ọ̀nà tí wọn yóò gbà fi òòfà ṣe é. Wọ́n so irin rìbìtì eléyín mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, eyín rẹ̀ tò yí i ká bí eyín ayùn. Wọ́n gbé òòfà kékeré kan, tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́, síwájú eyín náà. Àlàfo tí ó wà láàrin wọn jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 1. Bí eyín kan bá ti ń kọjá, agbára òòfà yóò yí padà, iná mànàmáná kékeré yóò sì ta nínú wáyà. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣe ń yára tó ni iná yìí yóò ṣe máa ta léraléra tó. Bí eyín bá jẹ́ 48, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì yí ní ìgbà 10 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, iná ti ta ní ìgbà 480. Ẹni tí ó bá ka iye yìí ti mọ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yára, láìjẹ́ pé ohun kan fi ara kan ohun kan. Alákàn ti rí ojú tí yóò fi máa ṣọ́rí.

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Ta ni yóò máa ka iná tí ń ta? Ibí ni ìtàn náà ti yà sí ọ̀nà méjì, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kò dúró. Ní 1969, Ford fi ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ Kelsey-Hayes ṣe sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ kan. Ní 1971, Chrysler àti Bendix gbé èyí tí ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde fún ọkọ̀ Imperial. Àwọn tí ó rà á kò pọ̀. Nígbà tí ó di 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 121 pa á láṣẹ pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè dúró láàrin ìwọ̀n ọ̀nà kan láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn há. Èrò rere ni. Àmọ́ ẹ̀rọ tí yóò mú un ṣẹ kò tí ì gbó. Àwọn awakọ̀ ń ráhùn pé bíréèkì a máa dẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó mú, àti pé ìgbì rédíò a máa da ẹ̀rọ náà láàmú. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, PACCAR, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, nígbà tí ó sì di 1978, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọ́gi lé apá òfin náà tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí ni pé kò tí ì hàn pé a lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà. Ó tó ogún ọdún kí òfin tó tún padà bọ̀: 1997 ni ó di dandan fún àwọn ọkọ̀ afà ńlá tuntun.

Ní Jámánì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀. Ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz àti ilé iṣẹ́ Teldix, níbi tí Heinz Leiber ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ti pe àwọn oníròyìn jọ sí Untertürkheim ní oṣù Kejìlá 1970. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn hàn, ó sì ṣiṣẹ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọn kò tà á. Nǹkan bí 1,000 ẹ̀yà kéékèèké ni ó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Gbígbọ̀n, ooru, omi àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà sì lè ba èyíkéyìí jẹ́ nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Bosch, tí ó mọ iṣẹ́ ìná-ọkọ̀ dunjú, dara pọ̀ mọ́ Teldix ní 1973, ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe ní 1975. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ń fi òǹkà ronú ti ń jáde nígbà náà. Pẹ̀lú wọn, ẹ̀yà 1,000 di 140. Ní oṣù Kẹjọ 1978, ọdún kan náà tí kóòtù Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin tiwọn, ni wọ́n fi ẹ̀rọ yìí han ayé ní Untertürkheim. Kí ọdún tó parí, ó ti wà nínú ọkọ̀ Mercedes ńlá tí ó ń jẹ́ S-Class. Àádọ́ta ọdún gééré ni láti ìgbà tí Wessel ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú mẹ́ta ni ó ní nínú ọkọ̀ yẹn: ọ̀kan fún ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ọpọlọ ń fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kan wé ti èkejì, bí adájọ́ ṣe ń fi ẹ̀rí kan wé òmíràn. Bí méjì bá ń sọ pé eré 50 ni, tí ọ̀kan ṣàdédé ní 20 ni tòun, ọpọlọ ti mọ̀ pé ọ̀kan yẹn fẹ́ há. Nígbà náà ni yóò rán iná sí fáàfù. Bí kò bá sí iná nínú fáàfù, ọ̀nà ọ́ìlì ṣí láti ẹsẹ̀ awakọ̀ títí dé bíréèkì, gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Bí iná díẹ̀ bá wọ̀ ọ́, ọ̀nà yóò dí: agbára bíréèkì kò ní í lọ sókè, kò sì ní í lọ sílẹ̀. Bí iná púpọ̀ bá wọ̀ ọ́, ọ̀nà àbájáde yóò ṣí, bíréèkì yóò tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, pọ́ǹpù yóò sì dá ọ́ìlì tí ó jáde padà. Fífún, dídúró àti dídẹ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 4 sí 10 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá ti rí onídùndún tí ó ń fún ọsán ìlù rẹ̀ mọ́ abíyá, tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́, ti rí ohun tí fáàfù yìí ń ṣe. Ohùn tí etí rẹ̀ gbọ́ ni apá rẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Àwọn ṣuwíìṣì náà ní iṣẹ́ tiwọn. Èyí tí ó wà níbi ìtẹ̀bíréèkì, tí ó ń tan iná ẹ̀yìn ọkọ̀, ni ó ń sọ fún ọpọlọ pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì. Òmíràn wà nínú ike ọ́ìlì bíréèkì, ó léfòó sójú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, yóò pariwo. Nínú ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ Teves gbé jáde ní 1984, ṣuwíìṣì kan wà tí ó ń wọn agbára ọ́ìlì, tí ó ń tan pọ́ǹpù nígbà tí agbára náà bá dín, tí ó sì ń pa á nígbà tí ó bá tó. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ṣuwíìṣì tí ẹ̀rọ náà fi ń yọ ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọpọlọ bá rí i pé ojú kan ti dákẹ́ tàbí pé ó ń purọ́, yóò gé iná fáàfù, yóò tan iná ìkìlọ̀ síwájú awakọ̀, yóò sì fi bíréèkì lásán sílẹ̀ fún un. Ẹ rántí pé láìsí iná, ọ̀nà ọ́ìlì ṣí ni. Ẹ̀rọ tí ó mọ ìgbà tí kò mọ̀, tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀, ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Láti ìgbà náà ni ó ti tàn kálẹ̀. Ní 1985, Ford fi í sínú gbogbo ọkọ̀ Scorpio rẹ̀ ní Yúróòpù láìgba owó ọ̀tọ̀. Ní 1988, BMW fi í sára alùpùpù. Ẹ̀rọ Bosch tí ó wúwo tó 6.3 kílógíráàmù ní 1978 ti di 1.6 ní 2001. Ojú rẹ̀ pàápàá ti mú sí i: òòfà àtijọ́ kì í rí ẹsẹ̀ tí ó ń yí jẹ́jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé ní àwọn ọdún 1990 ń rí i títí tí yóò fi dúró pátápátá. Nípa àdéhùn tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù ṣe, láti 2004 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun wọn ti ní in.

Ǹjẹ́ ìjàm̀bá wá tán lójú ọ̀nà? Rárá. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí takisí ní Munich ní Jámánì: apá kan ní bíréèkì tuntun, apá kejì kò ní in. Ìjàm̀bá àwọn tí ó ní in kò dín. Àwọn awakọ̀ wọn ti gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ, wọ́n wá ń wakọ̀ bí ẹni tí ikú kò lè mú. Ó yẹ kí á mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe. Kò lè fún táyà tí ó ti pá ní eyín. Lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tàbí olókùúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ tilẹ̀ lè rìn jìnnà díẹ̀ sí i kí ó tó dúró, nítorí pé táyà tí ó há a máa kó yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀, èyí tí ń yí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pàtàkì ni pé sítíárìn yóò máa gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà wa ni ó ní ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ọ̀kan. Iná kékeré kan tí wọ́n kọ A.B.S. sí ń tàn níwájú mi. Mẹkáníìkì kan ní kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu. Ó yọ gílóòbù iná náà, ó ní ó ti tán. Inú mi dùn pé owó kékeré ni mo san. Ní ọjọ́ òjò kan, mo tẹ bíréèkì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ yọ̀, mo yí sítíárìn títí, kò gbọ́, ó di inú kòtò. Orí ló yọ mí. Nígbà tí ẹlòmíràn yẹ ọkọ̀ náà wò, wáyà atanilólobó ẹsẹ̀ iwájú kan ni ó já. Ẹ̀rọ náà ti sọ òtítọ́ fún mi láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mo sanwó pé kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, mo bẹ̀ yín, bí iná ìkìlọ̀ bá tàn, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wá bí ẹ ó ṣe pa á. Bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì a-kì-í-há nínú ewu, tí ó ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò: fáàfù ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ sì darí ọkọ̀ síbi tí àyè wà. Àádọ́ta ọdún ni àwọn ènìyàn fi wá ojú tí kì í purọ́ fún ọkọ̀. Kò yẹ kí àwa fi ọwọ́ ara wa fọ́ ọ lójú.